Nà Á Tán àti Ìrọ̀rí Tí Mo Rán

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà lára káàdì tó fi kọ́ ọrùn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ ọsibítù yẹn tí ẹ fi orúkọ náà bèèrè rẹ̀, ẹ ó pẹ́ níbẹ̀. Nà Á Tán ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń pè é nìyẹn, bí obìnrin tó ń nu ilẹ̀ ṣe ń pè é nìyẹn. Dókítà àgbà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún pàápàá, bó bá gbàgbé ara rẹ̀, ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Láti àárọ̀ tí obìnrin náà bá ti dé títí tí yóò fi ti ilẹ̀kùn, gbólóhùn kan ló wà lẹ́nu rẹ̀: "Nà á. Nà á sí i. Mo ní kí o nà á tán!"

Orúnkún ló ń bá wí. Àwọn tó ṣèṣe lórí pápá, àwọn agbábọ́ọ̀lù, àwọn asáré, àwọn tó ń fò, bí dókítà bá ti tún inú orúnkún wọn ṣe tán, ọwọ́ obìnrin yìí ni wọ́n ń bọ́ sí. Òun ló ń kọ́ ẹsẹ̀ wọn ní ìrìn lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tó máa kọ́kọ́ yà yín lẹ́nu ni pé ẹsẹ̀ òsì tirẹ̀ gan-an kì í nà tán. Bàtà rẹ̀ òsì nípọn nísàlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, bó bá sì ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ó ti gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i: kò, pà, kò, pà. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, ọjọ́ kejì tí mo mọ̀ ọ́n ni mo bi í pé, "Àǹtí, kí ló ṣe ẹsẹ̀ tiyín?" Ó wò mí, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká tún ti ọmọ yín ṣe ná, ìyá wa. Tèmi ti pẹ́."

Mo fẹ́ sọ nípa obìnrin yìí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, mi ò sì lè sọ ọ́ láìsọ ohun tí mo ṣe fún un. Mo ti gbìyànjú láti fò ó. Kò ṣeé fò.

Aránṣọ ni mí. Aṣọ ilé-ìwé ni mo ń rán jù. Yàrá méjì la ní, èmi àti ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo. Èyí tó kọjú sí títì ni mo gbé máṣíìnì sí, èyí tó wà lẹ́yìn la ń sùn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni ọmọ náà nígbà yẹn, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ló wà, Ẹ̀fúùfù ni wọ́n ń pè é lórí pápá. Bó bá gba bọ́ọ̀lù, kí ẹ tó ní ẹ ń wò ó, ó ti kọjá lọ.

Ní ọjọ́ tí nǹkan ṣe é, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó fò láti fi orí kan bọ́ọ̀lù. Ìgbà tó máa balẹ̀, ara rẹ̀ yí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yí. Ó ní òun gbọ́ nǹkan tó dún "páà" nínú orúnkún òun, bí ìgbà tí òwú tó le bá já lórí máṣíìnì mi.

Dókítà àgbà ya eegun méjì sórí ìwé fún wa, ó ya okùn kan sáàárín wọn. "Okùn tó di eegun òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ ló já yìí, màmá. Kì í so ara rẹ̀ padà. Màá mú iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn itan rẹ̀, màá fi ṣe okùn tuntun."

Mo ní, "Ṣé bí ìgbà tí èèyàn bá gé lára aṣọ tó ṣẹ́ wọ inú nísàlẹ̀, láti fi lẹ ibi tó ya lókè?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ kúkú wá bá mi ṣe é, ẹ ti mọ̀ ọ́n tán." Ó wá fajúro díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ ni tèmi o. Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ Nà Á Tán, àti nínú ilé yín."

Ọ̀rọ̀ inú ilé yẹn, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Tẹ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n ń dá àwọn tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún fún dúró sí ọsibítù. Bẹ́ẹ̀dì kò tó. Ẹlòmíràn á dúró oṣù mẹ́fà kó tó kàn án, orúnkún rẹ̀ á sì máa bàjẹ́ lọ. Nà Á Tán ló ní kí wọ́n jẹ́ kí èèyàn máa lọ sílé ní ọjọ́ kẹrin, bó bá ti ní ẹnì kan nílé tí òun máa kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń tọ́jú orúnkún. Dókítà àgbà kò fẹ́ gbà. Nígbà tí ẹnu obìnrin náà kò kúrò níbẹ̀, dókítà ní ó dáa, ọdún kan lòun fún un. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ òun bá lọ bàjẹ́ nínú ilé ẹnì kan, ó parí nìyẹn. Oṣù kẹwàá ọdún náà la débẹ̀. Títí dé ìgbà yẹn, orúnkún kan kò tíì bàjẹ́.

Èmi àti ìyàwó ọkùnrin kan ni Nà Á Tán jọ kọ́ ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọmọ mi. Ọkọ obìnrin náà máa ń gba bọ́ọ̀lù inú agbọ̀n, ó ga débi pé orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iná lókè, Òpó ni wọ́n ń pè é. Gíga yẹn ò ní kó má ké. Nà Á Tán fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, ó gbé ìrọ̀rí sí abẹ́ gìgísẹ̀.

"Ẹ wò ó dáadáa o, ẹ̀yin ìyá. Abẹ́ gìgísẹ̀ ni ìrọ̀rí ń gbé. Kì í dé abẹ́ orúnkún. Bí ẹ bá fi sí abẹ́ orúnkún, ara á tu ẹni yín, á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Orúnkún náà á sì jinná bẹ́ẹ̀ ní títẹ̀, á kọ̀ tí ò ní nà mọ́."

Òpó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí tèmi tẹ̀ díẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé wa kò gbà mí."

"Ìwọ agùntáṣọọ́lò yìí, nà á tán!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó wá fún wa ní ìwé kọ̀ọ̀kan. Àwòrán wà níbẹ̀: bí ẹ ó ṣe tẹ orúnkún mọ́lẹ̀, bí ẹ ó ṣe gbé ẹsẹ̀ sókè ní nínà, bí ẹ ó ṣe fi yìnyín sí i lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Àpótí kékeré kan wà fún ìgbà kọ̀ọ̀kan, láti Mọ́ńdè dé Sọ́ńdè, fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹ ó fi bírò sàmì sí bí ẹ bá ti ṣe é. Ẹ má wí pé torí pé ìwé mẹ́fà ni mo kà ni o. Ọmọ tí kò tíì wọ ilé-ìwé á mọ ohun tí àwòrán yẹn ń wí.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ nílé, mo ṣe é bó ṣe yẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún, mo tẹ orúnkún náà mọ́lẹ̀, ọmọ mi di aṣọ mi mú. "Mọ́mì, ẹ gbà mí. Ẹ ń fà á ya. Ẹ̀ẹ́ fà á ya, mo ní."

Mo mọ bí nǹkan ṣe ń ya. Iṣẹ́ mi ni. Mo yọwọ́.

"Ẹ bá mi fi nǹkan díẹ̀ sí abẹ́ ẹ̀. Díẹ̀ péré. Kí n kàn sinmi."

Mo lọ sí ìdí máṣíìnì. Mo mú aṣọ rírọ̀ kan tó ṣẹ́kù, mo gé e ní ìwọ̀n abẹ́ orúnkún rẹ̀ gẹ́lẹ́, mo ti òwú sínú rẹ̀, mo rán etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó má bàa tú, mo tún wá léèsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo fi yí i ká. Mi ò rò pé mo ti rán nǹkan tó gún régé tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo fi sí abẹ́ rẹ̀. Ojú ọmọ náà rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ṣeun," ó sùn lọ. Mo jókòó tì í, inú mi ń dùn.

Mo wo ìwé. Àpótí ọ̀sán ṣófo. Mo sọ fún ara mi pé a ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì ní ìrọ̀lẹ́, mo sàmì sí i. Ní ìrọ̀lẹ́, ìrọ̀rí ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, oorun ṣì ń kùn ún. Mo sàmì.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé a ò ṣe é rárá. Tó bá ń bínú, a ò ní ṣe é. Tó bá ń rẹ́rìn-ín, mi ò ní fẹ́ kí ẹ̀rín náà lọ. Iṣẹ́ tún wà nílẹ̀: ilé-ìwé fẹ́ wọlé, àwọn òbí ń kan ilẹ̀kùn mi. Ìrọ̀rí náà kò kúrò lábẹ́ orúnkún yẹn mọ́.

Fúráìdè ọ̀sẹ̀ kejì ni ọjọ́ tí a máa padà lọ rí Nà Á Tán. Orí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù ni mo ti mú ìwé jáde, tí mo rí i pé láti Tọ́sìdeè mi ò tíì sàmì kankan. Mo gbọ́ kò, pà, kò, pà tó ń bọ̀. Mo yára fi bírò kun gbogbo àpótí tó kù láti òkè dé ilẹ̀, mo gbé e lé e lọ́wọ́.

Ọjọ́ náà gbóná fún un. Àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò wá. Ó wo ìwé mi, ojú rẹ̀ tàn. "Ẹ wò ó! Kò sí èyí tó fò. Gbogbo yín, ẹ wá wo ìwé ìyá gidi!" Ó gé téèpù, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, lókè ibi tí wọ́n ń kó ìrọ̀rí sí. Òpó pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ ò gbọ́ nǹkan? Mo rẹ́rìn-ín.

Ó ní kí ọmọ ká ẹsẹ̀ ní orúnkún, ó ká a dáadáa. Ó mú rúlà ẹlẹ́sẹ̀ méjì rẹ̀ jáde láti wọn nínà rẹ̀, ẹnì kan bá ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, ó sáré lọ síbẹ̀. Kó tó padà dé, mo ti di ẹrù wa. Mo ní, "Àǹtí, mọ́tò á fi wá sílẹ̀ o." Ó ní, "Ẹ máa lọ, ìyá gidi. Ti ilé yín kò bà mí lẹ́rù."

Ọ̀sẹ̀ méjì ló dá fún wa. Torí aṣọ ilé-ìwé, mo sún un síwájú. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kí á tó padà débẹ̀.

Ó gbé rúlà náà lé orúnkún rẹ̀. Ó gbé e kúrò. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún gbé rúlà náà lé e.

"Ó ku méjìdínlógún."

Mo ní, "Méjìdínlógún kí ni?"

"Ìlà orí rúlà yìí, kó tó nà tán, ìyá wa." Ó ti ọwọ́ rẹ̀ bọ abẹ́ orúnkún ọmọ mi bó ṣe dùbúlẹ̀. Ìka mẹ́rin wọlé láìfarakan nǹkan kan. "Ẹsẹ̀ kejì rèé, ìka kan kò lè wọ abẹ́ ẹ̀." Ó yíjú sí mi. "Ẹ ṣe gbogbo rẹ̀, àbí?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Yàrá náà parọ́rọ́, àwa mẹ́ta péré la wà níbẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì le. Mo ní, "Ẹ kúkú rí ìwé."

Ó rọra mi orí. "Mo rí ìwé."

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi bá orúnkún náà jà, lójoojúmọ́, tí ọmọ mi ń ké tí òun náà ń làágùn. Kò nà. Dókítà àgbà wá, ó gbá orúnkún náà mú, ó ní àpá ti dì sínú rẹ̀, àfi kí òun tún wọ ibẹ̀ padà lọ gé e. Ó dojú kọ Nà Á Tán níṣojú wa.

"Mo sọ fún ọ. Mo ní ilé kì í ṣe ọsibítù."

Nà Á Tán ní, "Ẹ má bínú sí àwọn ará ilé, Dókítà. Ìwé wọn pé. Kò sẹ́ni tó ṣe é tó ìyá yìí. Bó bá jẹ́ pé nǹkan kan kù, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ wọn ni kò tó."

Ìtìjú mú mi. Obìnrin náà ń fi irọ́ tí mo pa gbèjà mi, èmi sì dúró níbẹ̀, mo fọwọ́ gbá báàgì mọ́yà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jà lólè.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọmọ mi wọlé fún iṣẹ́ abẹ kejì, yàrá ìdárayá Nà Á Tán ni wọ́n ní kí n ti dúró. Ìyàwó Òpó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ Òpó ti nà bí ọ̀pá, ó ti ń gun àtẹ̀gùn. Obìnrin náà jókòó tì mí, ó nawọ́ sí ara ògiri.

"Ìwé yín yẹn, ìyá, òun ló gbà mí. Bó bá rẹ̀ mí, tí ọkọ mi ń pariwo pé kí n fi òun sílẹ̀, màá rántí ìwé yín. Màá ní, ìyá yẹn dàgbà jù mí lọ, ó dá wà, kò fo ọ̀kan. Màá máa sunkún, màá sì máa tẹ̀ ẹ́."

Òpó ní, "Ọlọ́run ló mọ iye èébú tí mo ti bú yín nínú ọkàn mi, màmá. Ẹ dárí jì mí."

Mo wo ìwé náà. Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tó wà níbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Fúráìdè ni mo mú un wá. Sátidé àti Sọ́ńdè ti ní àmì, àpótí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo ti ṣe ohun tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Ó wà lójú gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó kà á.

Nígbà tí àwọn yẹn lọ tán, Nà Á Tán wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì síwájú bó ṣe lè nà mọ. Ó rò pé ọkàn mi ń dàrú nítorí iṣẹ́ abẹ. Ó fẹ́ tù mí nínú.

"Ẹ bi mí nígbà kan nípa ẹsẹ̀ yìí," ó ní. "Mo máa ń fò. Ìfò gígùn, lórí iyanrìn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tó yẹ̀. Kò sí dókítà orúnkún nítòsí wa. Ìyá mi ká aṣọ sí abẹ́ ẹ̀ kó má dùn mí, mo dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì. Ó tọ́jú mi dáadáa."

Mi ò lè wò ó lójú.

"Ìyá mi mọ̀ nígbà tó yá. Ẹnì kan sọ fún un pé aṣọ yẹn ló fà á. Kò sọ fún mi. Títí ó fi kú, bí mo bá ti dìde láti rìn, á gbójú kúrò. Ogún ọdún, ìyá wa. Kò wo ẹsẹ̀ mi mọ́. Ká ní ó sọ̀rọ̀ ni, ǹ bá ti sọ fún un pé mi ò bínú. Gbígbé tó ń gbójú kúrò yẹn ló dùn mí ju ẹsẹ̀ lọ."

Ilẹ̀kùn ṣí. Dókítà àgbà ló dé, ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́ abẹ. Nọ́ọ̀sì méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ó ti nà, màmá. Ṣùgbọ́n láti òní, ó máa gbé ibí títí ẹsẹ̀ náà á fi dúró bẹ́ẹ̀." Mo dúpẹ́. Ó wá yíjú. "Nà Á Tán, a ti sọ ọ́ níbi ìpàdé. Lílọ sílé ti parí. Mọ́ńdè, wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà lo ti máa bẹ̀rẹ̀. A ó wá ẹlòmíràn síbí."

Obìnrin náà kò janpata. Ó kàn dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ìrọ̀rí, ọ̀kan lórí èkejì, bí ẹni pé wọ́n ní kó tò wọ́n.

Mo fa àga kan. Mo gùn ún. Mo já ìwé mi lára ògiri, téèpù sì dún gooro tí gbogbo wọn fi wò mí.

"Dókítà, irọ́ ni ìwé yìí."

Ó ní, "Màmá, ẹ sọ̀kalẹ̀ ná, ẹ má ṣubú."

"Ẹ jẹ́ kí n ṣubú. Irọ́ ni mo kọ síbẹ̀. Mi ò ṣe ìdajì rẹ̀. Ó kọ́ mi, ó dùbúlẹ̀ sílẹ̀ láti kọ́ mi, ó ní ìrọ̀rí kì í dé abẹ́ orúnkún." Mo tọwọ́ bọ báàgì, mo mú ìrọ̀rí náà jáde, mo ti kó o mọ́ ẹrù ọmọ, ẹ wo ìwà, mo fẹ́ tún fi sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó bá jí. "Èmi ni mo rán èyí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi wà lábẹ́ ẹ̀."

Dókítà gba ìwé, ó wò ó pẹ́. "Ọjọ́ wo lẹ mú un wá?"

"Fúráìdè."

"Ẹ sì ti ṣe ti Sọ́ńdè."

Nọ́ọ̀sì kan rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. Nà Á Tán kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ dókítà, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi gbèjà yín," ó ní. "Mo bi yín. Nínú yàrá yìí, mo bi yín."

"Ẹ bi mí."

"Mo máa ń gbára lé ìwé yìí ni. Mo máa ń wò ó, màá ní ẹ̀kọ́ mi ń wọlé." Ó gbé e sórí tábìlì, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí mi ò retí, kò sì sọ ọ́ fún mi, dókítà ló sọ ọ́ fún. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi wà lójú mi, mi ò kà á. Mo wo ìwé, mi ò wọn orúnkún. Èyí jẹ́ tèmi. Mi ò ní gbé e lé ìyá yìí lórí."

Dókítà ní, "Ohun tí mo ń wí kúkú nìyẹn. Ta ló mọ ohun tí wọ́n ń sàmì sí nílé wọn?"

Ẹnu mi tí kì í sinmi, ọjọ́ yẹn ló wúlò. Mo ní, "Dókítà, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, bí mo bá bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti wọn aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni ni gbogbo wọn máa wí. Nítorí náà mi kì í bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Mélòó ni mo máa ń bèèrè. Ẹni tí kò wọ̀n ọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Ẹ yọ àpótí yẹn kúrò. Ẹ ní kí ẹni ilé ti ìka bọ abẹ́ orúnkún, kó kọ iye tó wọlé síbẹ̀. Ìka mẹ́ta lánàá, ìka méjì lónìí. Kí Àǹtí wá fi ìka tirẹ̀ wò ó bí wọ́n bá dé. Irọ́ pé mo ti ṣe é, kò le. Ṣùgbọ́n ìka mẹ́rin, ẹ ò lè pè é ní ọ̀kan kí ẹsẹ̀ náà má tú yín fó."

Dókítà yọ fìlà aṣọ iṣẹ́ abẹ rẹ̀, ó họ orí. Ó ní wọ́n máa tún un sọ níbi ìpàdé. Mọ́ńdè dé, kò sẹ́ni tó sọ fún Nà Á Tán pé kó lọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fún un ní oṣù mẹ́fà sí i, pẹ̀lú ìwé tuntun tí kò ní àpótí.

Èyí tó kù ni ọmọ mi. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo sọ fún un, lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, èmi ni mo ní kí ẹ fi nǹkan sí abẹ́ ẹ̀."

Mo ní, "Ìwọ wà nínú ìrora. Èmi ni wọ́n kọ́."

Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ sàmì sí ìwé?" Mo ní èmi ni. Ó yí ojú sí ògiri. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń dá mi lóhùn ní bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Èmi, mi ò gbójú kúrò. Lójoojúmọ́ ni mo wo ẹsẹ̀ náà, mo tẹ̀ ẹ́, ó ké, mi ò yọwọ́. Ìka méjì. Ìka kan àbọ̀. Ìka kan. Ibẹ̀ ló pẹ́ sí jù, kó tó di pé ìka kò wọlé mọ́.

Ọdún kan gbáko ló pàdánù. Ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gba ife láìsí i níbẹ̀. Ó wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú yìnyín lórí orúnkún, mi ò sì rí ibi fi ara mi pamọ́ sí nínú yàrá méjì. Ó ti padà sórí pápá báyìí. Ó ń sáré. Wọ́n ní ó yára, mo sì rí i pé kò yára tó ti tẹ́lẹ̀. Bóyá á dé ibẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò wí nǹkan kan, mi ò sì bi í.

Nà Á Tán kò pè mí ní ìyá gidi mọ́. Ó pẹ́ kó tó tún máa bá mi sọ̀rọ̀ tó ju "nà á" lọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Túsìdeè kan, ó ránṣẹ́ pè mí. Àwọn ẹni ilé mẹ́fà ló jókòó sórí ẹní. Ó ní kí n sọ tèmi fún wọn. Mo sọ ọ́. Láti ìgbà náà, gbogbo ọ̀sán Túsìdeè ni mò ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi lọ síbẹ̀.

Lórí ògiri, níbi tí ìwé mi wà tẹ́lẹ̀, ìrọ̀rí mi ló so kọ́ síbẹ̀. Òun ló ní kí n fi í sílẹ̀ fún òun. Kò sí Túsìdeè kan tí ẹnì kan kò ní fọwọ́ pa léèsì rẹ̀ lára kó ní, "Èyí mà dára o. Ta ló rán an?"

Nà Á Tán á wò mí. Á dúró kí n dá wọn lóhùn.

Màá ní, "Èmi ni."